Labalábá Ojú Kọ́nà

Ọjọ́ tí Kozue, ọmọ ọmọ mi, gba láísẹ́ǹsì, kò tilẹ̀ tíì wọlé mu omi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àmì tó rí bí ewé mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ewé náà ní àwọ̀ yẹ́lò lápá kan, ó ní àwọ̀ ewéko lápá kejì, òòfà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà bó ṣe gbé e kan irin báyìí ló mú gbàgì. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọdún kan gbáko ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkọ̀ wà gbọ́dọ̀ fi gbé e kiri, kí àwọn tó kù lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá, kí wọ́n má baà fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì.

"Bàbá àgbà, ẹ wá wò ó. Ṣé kò wọ́?"

"Ó wọ́ díẹ̀ sí ọ̀tún."

"Ó ti dáa báyìí? Tiyín náà ńkọ́?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Tèmi ni ewé mẹ́rin tó so pọ̀, èyí tó wà fún àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà kan, bí ẹ̀kán omi ló ṣe rí, àwọ̀ ọsàn àti yẹ́lò, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní ewé gbígbẹ. Àwọn àgbàlagbà bínú, ni wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ sí ewé mẹ́rin tó tutù. Ó ṣe tán, arúgbó náà ni wọ́n ṣì ń pè wá. Tèmi wà lára fíríìjì nílé ìdáná, òun ló di kàlẹ́ńdà mú.

Ìdí mìíràn tí n kò fi lẹ tèmi ni Yoshimatsu tó wà nílé kejì. Yoshimatsu ti lẹ ewé mẹ́rin tirẹ̀ láti ọjọ́ tó pé àádọ́rin, níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹni tí ìjọba fún ní oyè. Ohun tó bá ń ṣe, n kì í ṣe é.

Èmi àti Yoshimatsu kì í bára wa sọ̀rọ̀. Ọdún tí ọ̀dá mú wa, ó dìde lóru, ó fi pákó dí ojú omi tó ń wọ oko ìrẹsì mi kí gbogbo rẹ̀ lè wọ tirẹ̀. Ìrẹsì mi gbẹ lójú mi. Ó ní òun kọ́. Èmi àti ẹ̀ nìyí, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, òun lápá ọ̀tún ayùn ńlá, èmi lápá òsì, mo sì mọ ẹnu ayùn wa lára pákó bí mo ṣe mọ ojú ìyá mi. Ta ló tún lè gbé irú pákó bẹ́ẹ̀ síbẹ̀? Nígbà náà bàbá Kozue, ọmọ mi, ṣì ń rá kòrò. Nígbà tí bàbá Kozue kú, Yoshimatsu wá síbi ìsìnkú, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ó fi lọ.

Ní abúlé wa, pátákó ìkéde máa ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá kà á tán á gbé e fún ẹni tó kàn. Ilé Yoshimatsu ló kàn lẹ́yìn tèmi. Mo máa ń gbé e sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, mo sì máa ń yípadà. Bí a ṣe ń bá ara wa gbé nìyẹn.

Òkè ni abúlé wà, ìsàlẹ̀ ni ìlú wà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn, kò fẹ̀ ju ọkọ̀ kan lọ, àfi àwọn ibi ìyẹra díẹ̀. Ibi tó burú jù níbẹ̀ ni kọ́nà tí Jizo wà, ère òkúta kékeré tí àwọn obìnrin abúlé máa ń rán fìlà pupa fún. Àpáta wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì. Ẹni tó ń gòkè kò lè rí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Dígí ńlá kan wà lórí òpó tí a fi ń wo ẹ̀yìn àpáta, ṣùgbọ́n ìjì líle oṣù kẹsàn-án ti yí i lójú, sánmọ̀ nìkan ló ń fi hàn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ohun tó ṣẹ́kù ni àmì búlúù roboto tí wọ́n ya fèrè ọkọ̀ sí: ẹni tó bá dé ibẹ̀, kó fọn fèrè.

"Wọ́n kọ́ wa dáadáa," Kozue sọ fún mi nídìí oúnjẹ. "Fọn ọ́n, dúró, fetí sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, máa lọ."

"Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ń sùn ńkọ́?"

"Ta ló ń sùn wakọ̀?"

"Àwọn ará ìsàlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nísàlẹ̀, àárọ̀ ló máa ń gòkè wá sílé, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Ní àárọ̀ kan náà ni èmi máa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù mi kékeré funfun lọ wo àwọn ìtì igi tí mo gbin olú sí lára, Yoshimatsu náà sì máa ń fi irú ọkọ̀ náà kó èso kaki rẹ̀ lọ tà létí títì. Gbogbo wa ni kọ́nà Jizo ń gbà. Kozue nìkan ṣoṣo ni mo ní láyé.

Lóṣù kẹwàá, mo gbé pátákó ìkéde lọ sílé Yoshimatsu. Ó jókòó síwájú ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń bó èso. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ìkòkò omi rẹ̀ wà lórí iná. Irú èyí tó ń súfèé ni, èmi náà ní irú rẹ̀ nílé. Èéfín ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí nǹkan tí wọ́n ń lépa, ọmọrí rẹ̀ ń jó. Ajá rẹ̀ rí mi, ó ń gbó, ó ń fa okùn. Yoshimatsu kò mira. Ó ń bó èso rẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí omi fi gbẹ tí ìsàlẹ̀ ìkòkò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Òórùn ló mú un yíjú. Kí ó tó rí mi, mo ti gbé pátákó kalẹ̀, mo ti ń lọ.

Etí rẹ̀ ti kú. Ó ń wakọ̀ kọjá ní kọ́nà Jizo láràárọ̀, etí rẹ̀ sì ti kú. Ọmọ mi á fọn fèrè, á dúró, á fetí sílẹ̀, kò ní gbọ́ ìdáhùn, á sì máa bọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Kozue wọlé láàárọ̀, kò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jókòó ti ọbẹ̀ tó ti tutù.

"Mo fọn fèrè lónìí," ó wí. "Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ni ọkọ̀ akẹ́rù kan bá yọ sí mi."

"Funfun?"

"Funfun ni."

"Ó fara kàn ọ́?"

"Táyà òsì mi wọ kòtò. Mo fà á jáde."

"Yoshimatsu ni. Mo mọ̀. Etí rẹ̀ ti kú."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó wo inú ọbẹ̀ rẹ̀. Ó sọ nǹkan kan, mo ń jẹ ewébẹ̀ oníyọ̀ lọ́wọ́, n kò béèrè ohun tó sọ.

Mo lè lọ bá ọlọ́pàá. Wọn á gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, ẹni tó bá sì pàdánù láísẹ́ǹsì lókè yìí ti di ẹlẹ́wọ̀n inú ilé ara rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Tokuji fi ọlọ́pàá gbẹ̀san omi. Ẹ̀san mi, ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi gbà á. Mo sì lè lọ bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn náà kò ṣeé ṣe.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọkọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n kó gbogbo àmì síbẹ̀: ewé tuntun, ewé mẹ́rin, ewé funfun inú búlúù fún ẹni tí ara rẹ̀ kò pé, àti labalábá yẹ́lò lórí àwọ̀ ewéko. Bí o bá tẹjú mọ́ ìyẹ́ labalábá náà, etí méjì ni. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn ló ń gbé e. Ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ yẹra fún un, kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé fèrè.

Ọmọbìnrin tó ń tajà béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Ó tún un béèrè, ẹnu rẹ̀ ṣí gbàgàdà bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀.

"Ta ni ẹ fẹ́ rà á fún?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan," mo wí. Mo ra méjì.

Nígbà tí Yoshimatsu wà lẹ́yìnkùlé, mo lẹ méjèèjì mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé mẹ́rin rẹ̀. Inú mi dùn títí mo fi sùn. Nígbà tí mo jí, labalábá méjèèjì wà lára ọkọ̀ mi.

Mo kó wọn padà fún un. Ó dá wọn padà. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, mo fi àwọ̀n ẹja bò ó kó má baà tètè rí i. Lọ́jọ́ kejì, ó ti wà lórí dígí iwájú ọkọ̀ mi, ó fi teepu lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú mi gan-an máa ń wà. Eré ọmọdé ni ẹni tó bá ń wò wá á pè é. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ yẹn, mo máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé kí n tó jáde, mo máa ń wo ọ̀nà bóyá ọkọ̀ Kozue á yọ.

Nígbà tó di ọjọ́ tí mo bá labalábá méjèèjì lórí ìjókòó inú ọkọ̀ mi, mo lọ bá a. Ó ń so èso tó ti bó mọ́ okùn kí wọ́n lè gbẹ.

"Yoshimatsu."

Kò gbójú sókè. Mo sún mọ́ ọn títí òjìji mi fi bo ọbẹ rẹ̀. Ó wo òjìji náà, ó wá wò mí.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

"Kò tíì sí. Ìwọ lo máa pa èèyàn."

"Tún un wí, kò sì yẹ kó o máa pariwo. Ẹnu rẹ ni mò ń wò."

"O gbà pé etí rẹ kò gbọ́ràn."

"Ó ti pẹ́. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, òsì tẹ̀ lé e. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Ìwọ nìkan ni a kì í bá sọ̀rọ̀."

"O sì ń wakọ̀ gba ọ̀dọ̀ Jizo láìní labalábá."

"N kì í gba ibẹ̀ bí ìwọ ṣe ń gbà á. Mo máa ń pa ọkọ̀ lókè, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ibi Jizo, mo máa ń yọjú wo ẹ̀yìn àpáta kí n tó padà lọ gbé ọkọ̀. Ọmọkùnrin mi á mú mi lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, wọ́n á yẹ mí wò, wọ́n á sọ irú dígí tí màá fi sọ́kọ̀, màá sì lẹ tèmi. Èyí tí mò ń kó wá fún ọ, tìrẹ ni."

"Tèmi báwo? Etí mi ń gbọ́ràn. Mo gbọ́ ìkòkò rẹ lọ́jọ́ yẹn nígbà tí ìwọ jókòó bí ère."

"O gbọ́ kí ni?"

"Súfèé rẹ̀."

Ó dìde, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó yára. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò náà jáde, ó gbé e sí ìwájú mi. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lásán. Irin kékeré tó máa ń súfèé kò sí níbẹ̀, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà.

"Mo ti yọ ọ́ láti ìgbà òtútù," ó wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Mo fi ìka kan ojú ìpẹtà náà.

"Mo dúró lọ́dọ̀ Jizo lọ́jọ́ kan tí ìwọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ rẹ wà nísàlẹ̀. Èmi kò gbọ́ fèrè rẹ̀, àmọ́ mo rí i tó fara ti ibi fèrè, gbogbo ẹyẹ ìwò sì fò kúrò lórí igi. Ìwọ yọ sí i bí ẹni tó ń lọ síbi ìwẹ̀. Ó yà fún ọ, o juwọ́ sí i, o kọjá, táyà rẹ̀ sì wọ kòtò lẹ́yìn rẹ. O kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn."

"Irọ́ ni."

"Àwa méjèèjì la jọ dúró ti ayùn yẹn, Tokuji. Ṣé o rò pé etí tèmi nìkan ló jẹ ni?"

"Irọ́ ni. Bí o ṣe purọ́ ti omi náà nìyẹn."

Ó jókòó padà, ó mú ọbẹ.

"Èmi ni mo dí omi," ó wí. "Ìrẹsì mi ń kú."

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́ ni mo ti ń retí gbólóhùn yẹn. Mo ti mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn, mo ti tò ó sílẹ̀ lọ́kàn mi, èyí tó máa kọ́kọ́ jáde àti èyí tó máa tẹ̀ lé e. Ọ̀kan kò jáde. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ gba ti omi, kí ló máa wá purọ́ ti kọ́nà fún? Ó bà mí lọ́kàn jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló mú láti sọ òótọ́.

Mo lọ sílé. Kozue ń múra iṣẹ́.

"Ọkọ̀ tó yọ sí ọ, èmi ni?"

Ó kọ́kọ́ so okùn bàtà rẹ̀ tán. "Ẹ̀yin ni, Bàbá àgbà."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà nídìí oúnjẹ. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú kí n lè máa wo ẹnu rẹ̀. "Ní báyìí, mo máa ń dúró lọ́dọ̀ Jizo láràárọ̀, mo máa ń fọn ọ́n títí ẹ á fi kọjá. Lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde kí n tó dé."

Mo ní mo ti gbọ́.

Kùrukùru bo òkè lọ́jọ́ kejì. N kò rí igi òpópónà, n kò rí òrùlé Yoshimatsu. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì sọ fún ara mi pé èèyàn méjì ti sọ fún mi pé etí mi ti kú, ṣùgbọ́n etí mi fúnra rẹ̀ kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Màá lọ sí kọ́nà náà. Màá fọn fèrè, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá ṣí fèrèsé. Bí ọmọ mi bá wà níbẹ̀, màá gbọ́ ọ. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Mo wa ọkọ̀ dé ibi àmì búlúù, mo dúró. Mo tẹ fèrè. Mo mọ̀ ọ́n lára ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí fèrèsé, mo yọ orí síta sínú òtútù.

Kò sí nǹkan kan. Kò sí omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀ ọ̀gbun, bẹ́ẹ̀ omi sì máa ń ṣàn níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Mo gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo gbọ́ omi yẹn gbẹ̀yìn, n kò rántí. Mo tún tẹ fèrè. Mo dúró. Ọ̀nà náà kò fàyè gba kí ọkọ̀ yípadà, fífi ẹ̀yìn rìn nínú kùrukùru yẹn sì lè gbé mi sọ sínú ọ̀gbun. Iwájú nìkan ló kù. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ẹnì kankan. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ gbọ̀n lábẹ́ ìdí mi, mo ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréékì.

Ni ẹyẹ ìwò bá tú jáde nínú kùrukùru. Gbogbo wọn fò lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí igi tó wà lẹ́yìn àpáta, dúdú, ìyẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí mi. Kò dún rárá. Wọ́n kọjá lórí mi bí aṣọ tí wọ́n fà kọjá.

Mo tẹ bíréékì. Mo pa ọkọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ara àpáta, mo ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà títí mo fi rí fìlà pupa Jizo, mo sì yọjú.

Iná méjì iwájú ọkọ̀ wà níbẹ̀, kò jìnnà ju ibi tí mo lè na ọwọ́ dé. Ọkọ̀ Kozue ni. Ewé yẹ́lò àti ewéko wà níwájú rẹ̀, omi kùrukùru ń kán lára rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ fèrè mọ́lẹ̀, apá rẹ̀ le gbọnrangandan, kò gbé e kúrò. Ó ń wò mí. Ètè rẹ̀ funfun.

Mo gbé ọwọ́ lé orí ewé náà. Irin abẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n wọ inú egungun ọwọ́ mi dé ìgúnpá. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di apá aṣọ mi mú, ó ń sọ̀rọ̀, n kò wo ẹnu rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo padà sí ọkọ̀ mi, mo mú labalábá méjèèjì lórí ìjókòó, mo lẹ ọ̀kan níwájú, mo lẹ ọ̀kan lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ti ẹ̀yìn ṣe. Ó ní ó wọ́.

A ti lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Wọ́n ní kí n fi dígí fífẹ̀ sínú ọkọ̀, mo sì fi í. Ewé mẹ́rin ṣì di kàlẹ́ńdà mú lára fíríìjì; n kò gbà fún ìyẹn. Yoshimatsu náà ti lẹ labalábá tirẹ̀. Bí mo bá gbé pátákó ìkéde lọ, mo máa ń fi gìgísẹ̀ gbá pákó iwájú ilé rẹ̀ kí ó lè mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìdí. N kì í dúró kí ó yíjú. Ó gbà pé òun ló dí omi, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí.

Wọn kò tíì tún dígí kọ́nà ṣe. Láràárọ̀ mo máa ń dúró níbi àmì búlúù, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń rìn dé ibi Jizo, mo máa ń na ọrùn wo ìsàlẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀yìn ọrùn mi máa ń tutù. Àwọn akẹ́rù gẹdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè wá báyìí, àwọn tí kò mọ abúlé wa. Labalábá wà lára ọkọ̀ mi fún wọn láti rí. Kò sí lára mi. Mo máa ń yíjú wo ẹ̀yìn, mo máa ń yíjú wo iwájú, mo sì tún máa ń yíjú wo ẹ̀yìn.